Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù fún èdè Híńdì: ó gbọ́ ọ̀rọ̀, kò mọ ẹni tó ni ín

Ẹni tó bá ń lọ sí Íńdíà fún ìtọ́jú, fún ẹ̀kọ́ tàbí fún òwò kì í fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù ṣeré mọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Híńdì ti wà nínú ti Google láti ọdún 2008, Yorùbá náà wọ ibẹ̀ ní ìparí ọdún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ní tiwọn. Iye owó, orúkọ àdúgbò, àkọlé ara ilé, orúkọ oúnjẹ: èèyàn lè fọkàn tán wọn níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kó èèyàn sí ìjàngbọ̀n ni ibi tí ẹnì kan bá ti ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Dókítà ní báyìí, onílé ní báyìí, ọ̀gá ní kí ẹ ṣe báyìí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí àlejò ń gbà. Ibẹ̀ nìkan ni àyẹ̀wò yìí dá lé. A kò mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo sọ́jú, nítorí inú gírámà ni ìṣòro náà ti wá, kò sì sí èyí tí kò kàn nínú wọn.

Bí a bá ní ká fún wọn ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni fún kíka àkọlé àti wíwá ọ̀rọ̀, méjì péré fún ọ̀rọ̀ agbàsọ. Méjì yẹn lè di mẹ́rin bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ nípa bí Híńdì ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ Yorùbá ló sì yẹ kó tètè yé jù, torí ohun tí Híńdì ń ṣe níbí sún mọ́ tiwa ju bó ṣe sún mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ẹ wo gbólóhùn yìí:

राम ने कहा कि मैं कल आऊँगा।
Rām ne kahā ki main kal āūngā.

Ne ni wúnrẹ̀n tó máa ń tẹ̀lé olùwà bí ohun tó ṣe bá ti ṣẹ tán. Kahā ni "sọ", ki ni "pé", main ni "mo", kal níbí jẹ́ "ọ̀la", āūngā sì ni "máa wá" lẹ́nu ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ẹni tó bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà á ní: Rām sọ pé mo máa wá lọ́la. Ohun tí ará Delhi tó sọ ọ́ sábà máa ń ní lọ́kàn ni pé Rām ní òun máa wá lọ́la. Híńdì kì í tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe kó tó gbé e kalẹ̀. Bó ṣe ti ẹnu Rām jáde ni wọ́n ń gbé e sẹ́yìn ki: "mo" tí Rām sọ ṣì ń jẹ́ "mo", àsìkò tó lò kò yí, "níbí" rẹ̀ kò di "níbẹ̀".

Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó máa sọ "mo" di ẹni kẹta, á sì ti ọ̀rọ̀ ìṣe sẹ́yìn sí àsìkò tó ti kọjá. Yorùbá ò ti ọ̀rọ̀ ìṣe sẹ́yìn, níbẹ̀ la ti bá Híńdì dọ́gba. Ṣùgbọ́n a ní òun, tí Híńdì kò ní. Ó ní òun ń bọ̀: ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń bọ̀. Ó ní ó ń bọ̀: ẹlòmíràn ni. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Híńdì bá ti wọ Yorùbá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu bóyá main yẹn jẹ́ òun tàbí èmi. Ẹ̀rọ kì í pinnu. Ohun tó rí ló ń kọ. Ìṣòro mìíràn ni pé ìwé tí Híńdì àti Yorùbá ti kojú ara wọn tààrà ṣọ̀wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bí ìtumọ̀ bá sì ti gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni òun ti máa ń sọnù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn:

डॉक्टर साहब ने कहा है कि मैं कल सुबह देखूँगा।
Ḍākṭar sāhab ne kahā hai ki main kal subah dekhūngā.

Bí fóònù bá kọ ọ́ pé "Dókítà sọ pé mo máa rí i ní àárọ̀ ọ̀la", ẹni tó kà á á rò pé òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé ló máa wá wo aláìsàn. Irọ́ ni. Dókítà ní òun fúnra òun máa wò ó lọ́la láàárọ̀. Ẹ lẹ gbólóhùn yẹn mọ́ ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lónìí. Bí "òun" kò bá jáde nínú ìdáhùn rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Kí la lè fi mọ ẹni tí main ń tọ́ka sí? Ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Híńdì máa ń fi akọ tàbí abo hàn níbẹ̀: -gā fún ọkùnrin, -gī fún obìnrin. सीता ने कहा कि मैं नहीं जाऊँगी, Sītā ne kahā ki main nahīn jāūngī. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́, kò lè jẹ́ òun ni main, torí ọkùnrin ò ní pe ara rẹ̀ ní jāūngī. Sítà ní òun kò ní í lọ, ọ̀rọ̀ parí. Bákan náà ni bí obìnrin bá kọ jāūngā lẹ́yìn orúkọ ọkùnrin. Àmọ́ bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó gbà á sọ bá jẹ́ ọkùnrin méjèèjì tàbí obìnrin méjèèjì, àmì yìí kò ní í ṣe ìrànlọ́wọ́, àfi kí a wo ohun tí wọ́n ti ń bá bọ̀. Ẹ má sì wo kahā fún akọ tàbí abo o. Nígbà tí ne bá wà níbẹ̀ tí odidi gbólóhùn sì tẹ̀lé ki, kahā kì í yí padà, Sítà ni o, Rām ni o. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fẹ́ kọ kahī níbẹ̀ nítorí Sítà jẹ́ obìnrin, kò tọ̀nà.

Ibi tó lẹ́wà jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, òun náà ló léwu jù. Ẹ fi méjèèjì yìí wéra:

उसने कहा कि मैं जाऊँगा। Usne kahā ki main jāūngā.
उसने कहा कि मैं जाऊँ। Usne kahā ki main jāūn.

Èkíní: Ó ní òun máa lọ. Èkejì: Ó ní kí n lọ. Gā nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí àwa ń fi pé àti kí ṣe, ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ni Híńdì fi ń ṣe é. Bí gā, gī tàbí ge bá wà, ìròyìn ni. Bí kò bá sí, tí ọ̀rọ̀ ìṣe dúró ní jāūn, jāe, jāo tàbí jāen, àṣẹ, ìmọ̀ràn tàbí ìfẹ́ ọkàn ni, "kí" ló sì bá a mu ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni वह चाहता है कि मैं जाऊँ, vah chāhtā hai ki main jāūn: ó fẹ́ kí n lọ. Bí àmì ìbéèrè bá wá wà lẹ́yìn jāūn, ó tún yí padà: उसने पूछा कि मैं जाऊँ? Ó béèrè pé ṣé kí òun lọ. Ẹ rí i pé àmì kékeré yẹn dá main padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Bí kámẹ́rà fóònù bá fo àmì náà lára ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ìtumọ̀ á dojú rú, kò sì ní sí ohunkóhun lójú fóònù tó máa fi hàn yín pé nǹkan sọnù.

Àṣẹ tún lè wá láìsí ki rárá. उसने मुझसे जाने को कहा, usne mujhse jāne ko kahā: ó ní kí n lọ. Wọ́n sọ jānā, ìyẹn "lílọ", di jāne, wọ́n fi ko tì í, kahā wá gbẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀rọ sábà máa ń túmọ̀ èyí dáadáa, torí kò sí main tó máa rú wọn lójú. Ibi tó ti yẹ ká ṣọ́ra ni ibi tí "má" tàbí "kò" bá dúró sí:

डॉक्टर ने यह दवा रात में न लेने को कहा है।
डॉक्टर ने यह दवा रात में लेने को नहीं कहा है।

Èkíní, tí न (na) wà níwájú lene, ni: Dókítà ní kí ẹ má lo oògùn yìí lálẹ́. Èkejì, tí नहीं (nahīn) wà níwájú kahā, ni: Dókítà kò ní kí ẹ lò ó lálẹ́. Èkíní jẹ́ èèwọ̀. Èkejì kò ka nǹkan kan léèwọ̀, kò kàn pàṣẹ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí fóònù da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan oògùn, ẹ wá न àti नहीं pẹ̀lú ojú ara yín, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó dúró tì.

Ìbéèrè tí a gbà sọ rọrùn fún ọmọ Yorùbá ju fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ. उसने मुझसे पूछा कि क्या तुम आओगे? Usne mujhse pūchhā ki kyā tum āoge? Ó bi mí pé ṣé mo máa wá. Kyā níbẹ̀ ni ṣé, ó sì wà lẹ́yìn "pé" gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ èyí di "bí", ìdí nìyí tí ẹni tó bá ti ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì wọ Híńdì fi máa ń ki अगर, agar, bọ̀ ọ́. Agar ni "bí" ti àdéhùn, bí òjò bá rọ̀, bí owó bá wà. Kò níṣẹ́ kankan nínú ìbéèrè. Bí ẹ bá ń túmọ̀ lọ sí Híńdì tí ẹ rí agar lẹ́yìn pūchhā, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi kyā rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi या नहीं, yā nahīn, sí ìparí.

Tum inú gbólóhùn yẹn ńkọ́? Ẹ̀rọ á kọ "ìwọ" tàbí "ẹ". Ẹ wo ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè: mujhse, lọ́wọ́ mi. Nítorí náà èmi ni tum. Ibi tí a ti ń rí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe: kahnā àti pūchhnā ń gba से (se), a ń sọ mujhse kahā, mujhse pūchhā, batānā ń gba को (ko), ìyẹn mujhe batāyā, ó sọ fún mi. Bolnā, tó jẹ́ "sọ̀rọ̀", máa ń wá láìsí ne nínú Híńdì ìwé, vah bolā, ṣùgbọ́n usne bolā ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgboro. Kò yẹ kí ìyẹn dà yín láàmú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló tún kù, ibẹ̀ sì dùn mọ́ wa nínú púpọ̀. पिताजी ने कहा है कि वे कल आएँगे, Pitājī ne kahā hai ki ve kal āenge. Ve ni "wọ́n", tí Híńdì ń lò fún àgbà kan ṣoṣo bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ìtumọ̀ tó péye ni: Bàbá ní àwọn máa wá lọ́la. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀wọ̀ yẹn nínú arọ́pò orúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gba ibẹ̀ kọjá, ohun tó máa já sí yín lọ́wọ́ ni "Bàbá sọ pé ó máa wá" tàbí "Bàbá sọ pé wọ́n máa wá". Èkíní kò bọ̀wọ̀ fún Bàbá, èkejì sì lè dà bíi pé àwọn ẹlòmíràn ló ń bọ̀. Àwọn ni kí ẹ fi sí i.

Irú gbólóhùn yìí, tó ń lo vah tàbí ve dípò main, ẹ máa rí i nínú ìwé ìròyìn àti nínú lẹ́tà ọ́fíìsì. Apratyaksh kathan ni gírámà ilé ìwé ń pè é, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a gbà sọ láìgbé e bó ṣe jáde. Pratyaksh kathan sì ni ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gan-an. राम ने कहा कि वह बीमार है: Rām ní ara òun kò yá, tàbí Rām ní ara rẹ̀ kò yá, ìyẹn ti ẹlòmíràn. Híńdì fúnra rẹ̀ kò yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí, nítorí náà a kò lè dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Àsìkò nìkan ló dájú: hai, "kò yá" nísinsìnyí lẹ́nu Rām. Bí ẹ bá rí था, thā, níbẹ̀, àìsàn náà ti kọjá kí Rām tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Kal ni "àná", òun náà ni "ọ̀la". Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń yà wọ́n, ẹ̀rọ sì máa ń rí i bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá hàn kedere. Àmọ́ उसने कल आने को कहा lè jẹ́ "lánàá ló ní kí n wá" tàbí "ó ní kí n wá lọ́la". Kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ èyí. Ẹ béèrè ọjọ́ gan-an, Mọ́ńdè ni tàbí Túsìdeè.

Ní ti bí a ṣe ń lò wọ́n, Híńdì tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lórí WhatsApp ló ń fa ìnira jù. "Usne kaha ki main jau" lè jẹ́ jāūn, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń kánjú tí kò tẹ ìyókù jāūngā. "Ki" lè jẹ́ कि, "pé", tàbí की, tó ń so ohun abo mọ́ ẹni tó ni ín. "Main" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ẹ ní kó dá èdè mọ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣì í mú. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yan Híńdì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Híńdì tó ń yí lẹ́tà padà, bíi ti Gboard, tún gbólóhùn náà tẹ̀ sí Devanagari, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Híńdì, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Kò gba àkókò rárá, ó sì ń mú ọ̀pọ̀ àṣìṣe kúrò lọ́nà.

Nígbà tí ó bá ti dá yín lójú pé main jẹ́ ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹ yọ कि kúrò, kí ẹ fi kọ́mà àti àmì àyọlò sí i: राम ने कहा, "मैं कल आऊँगा।" Báyìí ẹ̀rọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú àyọlò, á sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Rām. Ẹ̀yin á wá fi òun sí i nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ará ilé. Lọ́nà kejì, láti Yorùbá sí Híńdì, ẹ má tẹ "o ni oun n bo" láìfi àmì ohùn sí i, torí "o" àti "ó" kì í ṣe ẹnì kan náà. Ẹ dárúkọ ẹni náà, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àyọlò: Rām ní, "Mo ń bọ̀." Ohun tó máa jáde á sún mọ́ bí àwọn tó ni èdè ṣe ń sọ ọ́ gan-an, torí ọ̀rọ̀ tààrà ni Híńdì fẹ́ràn.

Kámẹ́rà wọn dára fún ìwé títẹ̀ tó mọ́, kò dára tó fún ìwé àfọwọ́kọ dókítà. Ohùn sísọ dára fún gbólóhùn kúkúrú. Ẹ wa èdè Híńdì sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ lè lò ó níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. सुना है कि, sunā hai ki, "a gbọ́ pé", àti कहते हैं कि, kahte hain ki, "wọ́n ní", kò sí wàhálà kankan lára wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò Híńdì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ yìí kọ́ orí ọ̀rọ̀ agbàsọ; kó gba olùkọ́. Oníṣòwò tó ń ra aṣọ tàbí ẹ̀rọ lè lò ó dáadáa, tí ó bá sáà ti fi nọ́ńbà àti ọjọ́ ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn ni kó ṣọ́ra jù. Bí main bá ṣì rú u lójú lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kó fi ìbéèrè kúkúrú kan tí kò ní ki nínú ránṣẹ́ padà: कौन आएगा? Kaun āegā? Ta ló ń bọ̀? Bó bá jẹ́ pé àṣẹ ni: किसको जाना है? Kisko jānā hai? Ta ló yẹ kó lọ? Orúkọ èèyàn ni wọ́n máa fi dáhùn.